Ernst Abbe, Ọmọ Arànwú Tí Ó Fún Ojú Ènìyàn Ní Agbára Tuntun

Ní ìlú Eisenach ní ilẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1846, ọmọdékùnrin kan wà tí í máa gbé ìkòkò oúnjẹ lọ sí ilé-iṣẹ́ ìrànwú ní ọ̀sán. Baba rẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ náà lọ fún. Bí ọjà bá ń tà bí ó ti yẹ, wákàtí 14 ni baba yìí ń lò nídìí ẹ̀rọ lóòjọ́, láti aago márùn-ún òwúrọ̀ títí di aago méje alẹ́. Bí iṣẹ́ bá sì wọlé púpọ̀, a di wákàtí 16, láti aago mẹ́rin òwúrọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Kò sí àkókò ìsinmi kankan láàárín, àní ti oúnjẹ ọ̀sán pàápàá kò sí. Ọmọ náà a dúró tì í. Baba a fẹ̀yìn ti ẹ̀rọ tàbí kí ó lóṣòó sórí àpótí kan, a sáré jẹun, a dá ìkòkò òfìfo padà fún ọmọ, a sì yíjú sí iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọkùnrin gíga tí ó sígbọnlẹ̀ ni baba náà í ṣe, agbára rẹ̀ kò sì ṣe é fi ọwọ́ rọ́ tì. Síbẹ̀, nígbà tí ó fi máa di ẹni ọdún 48, ìdúró àti ìrísí rẹ̀ ti di ti arúgbó.

Ernst Karl Abbe ni orúkọ ọmọ náà. Ọjọ́ 23, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1840 ni a bí i. Ó dàgbà, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì, ó sì di ọlọ́rọ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ fi ìṣírò ṣe máíkíróskóòpù, èyíinì ni awò tí ń sọ ohun bíńtín di ńlá lójú ẹni. Ṣùgbọ́n ìkòkò oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ wọ̀nyẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi kú.

Owó iṣẹ́ arànwú kò tó rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé gíga. Àmọ́ orí ọmọ náà pé púpọ̀, ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ìrànwú sì rí i bẹ́ẹ̀, ó fi owó ràn án lọ́wọ́. Ní 1857, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 17, ó jáde ní ilé-ìwé gíramà Eisenach, ó sì gba yunifásítì Jena lọ. Láti ibẹ̀ ó kọjá sí Göttingen, níbi tí àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé bíi Bernhard Riemann, onímọ̀ ìṣírò, àti Wilhelm Weber, onímọ̀ físíìsì, ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Ní 1861 ni ó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Frankfurt, lẹ́yìn náà ni ó padà sí Jena ní 1863 gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kékeré ní yunifásítì. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ kì í gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà. Ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá san láti gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni tirẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá pọ̀, oúnjẹ kò pọ̀.

Ní Jena yìí kan náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Carl Zeiss ti dá ilé-iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ láti 1846. Máíkíróskóòpù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, iṣẹ́ wọn sì dára. Ṣùgbọ́n Zeiss fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ohun kan kù. Bí gbogbo oníṣẹ́ ìgbà náà ṣe ń ṣe awò ni pé wọn a lọ dígí kan, wọn a tò ó mọ́ òmíràn, wọn a wò ó. Bí kò bá dára, wọn a yọ ọ̀kan, wọn a fi òmíràn dípò rẹ̀, títí wọn yóò fi ṣe kòńgẹ́ èyí tí ó ríran kedere. Ẹni tí ó ṣe awò tí ó dára lónìí kò lè ṣèlérí pé èyí tí òun yóò ṣe lọ́la yóò rí bákan náà. Ẹnì kan kò sì lè sọ ìdí tí ọ̀kan fi dára tí èkejì kò fi dára. Ó rí bí ìgbà tí afọ́jú bá ń fi ọwọ́ tá ọ̀nà.

Ní 1866 ni Zeiss tọ Abbe lọ. Ẹni ọdún 50 ni Zeiss nígbà náà. Abbe kò ju ẹni ọdún 26 lọ. Ohun tí alàgbà yìí ń fẹ́ ni pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó, kí ó fi ìṣírò sọ bí dígí kọ̀ọ̀kan yóò ti nípọn tó, bí yóò ti tẹ̀ tó, àti bí èkíní yóò ti jìnnà sí èkejì tó, kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ má ṣe ju kí wọ́n gé e gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sínú ìwé lọ. Abbe gbà.

Ohun tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe ayọ̀. Ó ṣírò títí, àwọn oníṣẹ́ lọ dígí gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, wọ́n tò ó pọ̀, wọ́n gbé e wò. Awò náà kò dára tó èyí tí wọ́n ti ń ṣe láìsí ìṣírò. Ó ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ ni kò fi àwọn ohun wínníwínní hàn. Owó Zeiss ni ó ń bá iṣẹ́ yìí lọ, kì í sì í ṣe owó kékeré. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá oníṣòwò ni ìbá ti sọ fún ọ̀mọ̀wé náà pé kí ó máa bá ìwé rẹ̀ lọ sílé. Zeiss kò lé e. Sùúrù ọkùnrin yìí wà lára ohun tí ó yẹ kí a máa dárúkọ nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ máíkíróskóòpù.

Àṣìṣe Abbe ni pé ó ti dín ẹnu awò kù. Ó rò pé bí ẹnu tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé bá kéré, àbùkù dígí yóò dín kù, àwòrán yóò sì mọ́. Nígbà tí ó kùnà, ó padà sí ìpìlẹ̀. Ó mú dígí pẹlẹbẹ tí a ha ìlà tín-ínrín-tín-ínrín sí, ó gbé e sábẹ́ awò, ó sì ń wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Níbẹ̀ ni ó ti rí i pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kọjá lára ohun tí ó kéré jọjọ, kì í lọ tààrà, ó máa ń tàn ká sí ẹ̀gbẹ́. Bí ohun náà bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó. Ìmọ́lẹ̀ tí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí gan-an ni ó ru ìròyìn ohun kékeré náà. Awò tí ẹnu rẹ̀ há ń jẹ́ kí ó sọnù. Awò tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò ń kó o wọlé. Ohun tí Abbe ti ń sá fún ni ó wá di ohun tí ó ń wá.

Nígbà tí yóò fi di 1872, gbogbo awò tí ń jáde ní ilé-iṣẹ́ Zeiss ni ó ti wà ní ìbámu pẹ̀lú ìṣírò Abbe. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó tẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ jáde. Òfin kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Òfin náà ni pé kò sí bí a ti lè ṣe awò dáradára tó, kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo tí ó wà láàárín wọn bá kéré púpọ̀ ju ìdajì gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń wò wọ́n. Ẹni tí ó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kò lè fi kọ lẹ́tà wínníwínní; ìgbì ìmọ́lẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Fún ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn ń rí, ààlà náà jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mìlímítà tí a pín sí ọ̀nà 5,000. Ohun tí ó bá sún mọ́ ara wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kan ṣoṣo ni yóò jọ lójú awò.

Ó ṣòro láti rí oníṣòwò tí yóò tẹ̀wé jáde láti sọ ibi tí agbára ọjà rẹ̀ mọ. Abbe ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lépa ààlà náà tọkàntọkàn. Igi tí a bá tì bọ omi máa ń dà bí ẹni pé ó ṣẹ́; bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ ń ṣẹ́ nígbà tí ó bá kúrò nínú dígí bọ́ sínú afẹ́fẹ́, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń ṣìnà kí ó tó dé ẹnu awò. Ní 1878, lẹ́yìn àbá tí J. W. Stephenson mú wá láti London, Abbe ṣe awò tí a ń kán òróró igi kédárì sí láàárín rẹ̀ àti dígí tí a tẹ́ ohun tí a ń wò sí. Bí òróró náà ti ń ṣe sí ìmọ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti dígí, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ kọjá láìṣẹ́. Robert Koch, dókítà ọmọ Jámánì, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní awò yìí àti ti àkójọ dígí tí Abbe ṣe láti fi kó ìmọ́lẹ̀ jọ sábẹ́ ohun tí a ń wò. Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹta, ọdún 1882, Koch kéde ní Berlin pé òun ti rí kòkòrò tí ń fa ikọ́ ife.

Àbùkù kan ṣì kù: àwọ̀ ń yọ yí etí àwòrán ká, nítorí dígí kì í tẹ àwọ̀ pupa àti àwọ̀ búlúù bákan náà. Ìṣírò kò lè wo àrùn yìí. Dígí tuntun ni ó ń fẹ́. Ọlọ́run ọba mú ẹni tí ó yẹ wá. Otto Schott, ọmọ ìdílé onídìígí ní Witten, kọ̀wé sí Abbe ní 1879, ó sì fi dígí tí òun fúnra rẹ̀ yọ́ ránṣẹ́. Ó kó wá sí Jena ní 1882, ní 1884 sì ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ dígí sílẹ̀ pẹ̀lú Zeiss àti ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, dígí Schott nìkan kò tó. Abbe fi òkúta kan kún un tí a ń pè ní fluorite, òkúta tí ó mọ́ gaara tí a ń wà nínú àpáta. Àní ó wá a dé orí òkè ilẹ̀ Switzerland. Ní 1886 ni awò tí ó ti ibẹ̀ jáde dé ọjà, ẹnu sì ya àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Òkúta yìí ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí sí wọn lára, wọn a tàn padà ní àwọ̀ búlúù. Ní 1852, George Gabriel Stokes ní Cambridge fi orúkọ òkúta náà sọ irú ìtànpadà bẹ́ẹ̀ ní fluorescence, ó sì fi hàn pé ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ń jáde máa ń gùn ju ti ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé lọ. Nígbà ayé Abbe, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òkúta yìí àti ọ̀rọ̀ máíkíróskóòpù yóò tún pàdé.

Ní gbogbo àkókò yìí, ipò Abbe ń ga. Ó gbé Else Snell, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní Jena, níyàwó ní 1871, wọ́n sì bí ọmọbìnrin méjì. Ó di alábàápín nínú ilé-iṣẹ́ Zeiss ní 1876, ó di olórí ilé ìwòràwọ̀ Jena ní 1878. Helmholtz, tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo Yúróòpù, fi ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin lọ̀ ọ́. Ó kọ̀, ó ní Jena ni òun yóò wà.

Zeiss kú ní oṣù kejìlá, ọdún 1888. Ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá kékeré ti di ńlá, owó sì ń wọlé. Abbe lè jókòó kí ó máa jẹun títí ayé, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì jogún rẹ̀. Ohun tí ó ṣe ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Ní 1889 ó dá àjọ kan sílẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Carl Zeiss Stiftung. Orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ti kú ni ó fún un, kì í ṣe tirẹ̀. Ní 1891 ó fi gbogbo ìpín tirẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà jíǹkí àjọ yìí, wọ́n sì ra ìpín ọmọ Zeiss. Láti ọjọ́ náà, ilé-iṣẹ́ náà kò ní olówó kankan mọ́. Abbe tí ó ti jẹ́ onílé di òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù nínú ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ lánàá. Nínú èrè, àwọn òṣìṣẹ́ ní ìpín, yunifásítì ní ìpín, ìlú náà sì ní ìpín.

Òfin àjọ náà, tí Abbe fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tí ó sì jáde ní 1896, yẹ fún àkàtúnkà. Owó ìfẹ̀yìntì di ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe àánú ọ̀gá. Òṣìṣẹ́ ń gba ìsinmi pẹ̀lú owó lọ́dún. Owó oṣù àwọn ọ̀gá pátápátá kò gbọdọ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá owó tí òṣìṣẹ́ tí ó ti pẹ́ díẹ̀ ń gbà lọ. Bákan náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá iṣẹ́ níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ wo ibi tí ó ti wá, ẹ̀sìn tí ó ń ṣe, tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà, kí a tó gbà á tàbí kí a tó gbé e ga. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni a ó wò. Ẹni tí ó bá ti gbé nílẹ̀ onílẹ̀ mọ bí irú òfin bẹ́ẹ̀ ti wúwo tó.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1900 ni ilé-iṣẹ́ náà sọ wákàtí iṣẹ́ òòjọ́ di mẹ́jọ dípò mẹ́sàn-án, láìdín owó òṣìṣẹ́ kù. Àwọn onílé-iṣẹ́ mìíràn ń retí ìgbà tí yóò fi kan ìṣubú. Abbe, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, kó iye iṣẹ́ tí a ṣe jọ, ó fi ti ọdún tí ó kọjá wé ti ọdún tuntun. Iṣẹ́ kò dín. Ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Ní 1901, nígbà tí ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí níwájú àwọn ènìyàn ní Jena, ni ó sọ ìtàn baba rẹ̀ àti ìkòkò oúnjẹ ọ̀sán.

Ara tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé lọ́sàn-án tí ó sì ṣe ti ilé-iṣẹ́ lóru fún ọ̀pọ̀ ọdún kò lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Oorun kò kun Abbe mọ́. Ní 1903 ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ní ọjọ́ 14, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1905, ó kú ní Jena. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ó pé ẹni ọdún 65.

Ọ̀rọ̀ òkúta fluorite ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà kí ó tó kú. August Köhler, tí ilé-iṣẹ́ Zeiss gbà síṣẹ́ ní 1900, tẹ̀lé òfin Abbe dé ibi tí ó ń lọ: bí ìgbì bá kúrú, ohun tí a lè rí yóò kéré sí i. Ní 1904 ó ṣe máíkíróskóòpù tí ń lo ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí. Ó rí ohun tí ó ń wá, ṣùgbọ́n àwọn ohun kan tí ó gbé sábẹ́ awò náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn padà fúnra wọn. Ìdíwọ́ ni ìtànná yìí jẹ́ fún un. Àwọn mìíràn wá sọ ìdíwọ́ náà di ọ̀nà: láàárín 1911 sí 1913, wọ́n ti ṣe máíkíróskóòpù fluorescence ní Vienna àti ní Jena.

Irú rẹ̀ ni ó wà nínú yàrá àyẹ̀wò ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ohun abẹ̀mí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì lónìí, bí a sì ti ń ṣe é kò ju òye akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Iná ń tàn. Dígí aláwọ̀ kìíní kò jẹ́ kí ju àwọ̀ búlúù lọ kọjá. Dígí kan tí a dá ní ìdàgẹ̀rẹ̀ ń ju búlúù náà sísàlẹ̀ gba inú awò lọ sára ohun tí a ń wò. Ohun náà yóò tàn padà ní àwọ̀ ewé tàbí pupa. Ìgbì àwọ̀ yìí gùn ju ti búlúù lọ, nítorí náà dígí ìdàgẹ̀rẹ̀ jẹ́ kí ó kọjá sókè. Dígí aláwọ̀ kejì a mú búlúù tí ó bá ṣẹ́kù. Ohun tí ojú yóò rí ni ìmọ́lẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri, bí ìràwọ̀. Bí a bá gbé ewé tútù sábẹ́ rẹ̀ láìkun oje kankan sí i, pupa ni yóò tàn, nítorí ohun tí ń sọ ewé di aláwọ̀ ewé a máa tan pupa padà.

Iná mẹ́kúrì tí a ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń gbóná gidigidi, bí a bá pa á, a ní láti dúró kí ó tutù kí a tó tún un tàn. Iná LED ti gba ipò rẹ̀ ní ibi púpọ̀. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní yunifásítì kan ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé akẹ́kọ̀ọ́ lè fi pákó, fóònù alágbèéká, iná tọ́ọ̀ṣì LED àti ọ̀rá aláwọ̀ tí a fi ń bo iná orí ìtàgé kan irú rẹ̀ pẹ̀lú owó tí kò tó dọ́là 50. Kò lè rí ohun tí ó kéré ju ìdá kan nínú 100 mìlímítà lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó tó láti rí bí ọkàn ọmọ ẹja ti ń mì. Àwọn tí ó ń lò ó ní láti ṣọ́ra méjì: kí wọ́n má ṣe tẹjú mọ́ iná náà, kí wọ́n má sì jẹ́ kí iná pẹ́ lórí ohun tí wọ́n ń wò, nítorí oje tí ń tàn a máa ṣá.

Ikọ́ ife tí Koch fi awò Abbe rí, máíkíróskóòpù fluorescence onínáa LED ni a ń lò láti wá a nínú itọ́ aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i ní 2011. Ní 2014, ẹni mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n fi ohun tí ń tàn padà rí ọ̀nà gbà kọjá ààlà tí Abbe pa ní 1873. Ọ̀kan nínú wọn, Stefan Hell, ń ṣiṣẹ́ ní Göttingen, ìlú tí ọmọ arànwú náà ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Òfin Abbe wà ní gbígbẹ́ sára òkúta ìrántí kan ní Jena, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kan awò tiwọn sì ṣì ń fi òfin náà ṣírò ohun tí ojú wọn yóò lè rí kí wọ́n tó tan iná.